Ọjọ́ Tí Òjò Ò Jẹ́ Ká Gun Kẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ kí ọkàn mi balẹ̀: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lówú. Kì í ṣe owú kékeré. Bí ọkùnrin tó ń fẹ́ bá kí obìnrin kan ní títì, á bi í pé níbo ló ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá kí i, á bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wá bá ọkùnrin náà wá ọ̀nà àbáyọ kí n gbọ́.

Ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń fọ aṣọ nínú yàrá ẹ̀yìn, àwọn obìnrin tó ń lọ aṣọ sì wà níwájú, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń mú kí fèrèsé làágùn látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tábìlì rẹ̀ àti ti Adúmáadán ló fara kanra. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n jọ máa ń jẹun ọ̀sán, wọ́n sì jọ máa ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn lẹ́yìn.

Adúmáadán ní tirẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì mọ iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Bí àwọn yòókù bá ń lọ ẹ̀wù, wọ́n á tẹ́ apá rẹ̀ pẹlẹbẹ sórí tábìlì, ilà kan á sì yọ gbọọrọ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Adúmáadán ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò ká aṣọ ìnura, yóò kì í bọ inú apá ẹ̀wù, yóò wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ̀ ọ́, apá ẹ̀wù á sì jáde roboto láìní ilà kankan. Ọ̀gá ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Àwọn oníbàárà ní irú ẹ̀ làwọn fẹ́. Kò sì sí ẹlòmíì níbẹ̀ tó ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Fèrèsé iwájú ló fọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ní kí onígíláàsì wá tún un ṣe. Ọkùnrin náà dé, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó wọn ojú fèrèsé, ó gbójú sókè, ó rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ níbi tó ti ń wọ́n omi sí aṣọ. Iṣẹ́ wákàtí kan ló ṣe di ìrọ̀lẹ́. Àdúgbò kan náà lòun àti Adúmáadán ń gbé, nítorí náà Adúmáadán ló lọ bá. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi bá ọ̀rẹ́ rẹ yẹn sọ̀rọ̀." Bí Adúmáadán ṣe di alárinà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀. Ọkùnrin yìí ò lẹ́nu púpọ̀, àmọ́ bó bá fẹ́ sọ ohun tó dùn, á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà á ṣe wẹ́kú. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ràn. Ọkùnrin náà kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Ó bá a wá kẹ̀kẹ́ àlòkù kan tó ṣì lágbára, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń jọ gùn ún jáde, títí tí Bàbá fi gbọ́.

Awakọ̀ tírélà ni Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó sókè, tó ń wo orí àwọn oníkẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, ẹ rò ó wò.

"Ọmọ tí mo fi tírélà tọ́ dàgbà," ó ní, "oníkẹ̀kẹ́ ló wá fẹ́ gbé e lọ. Wo ìka rẹ̀ náà, kìkì báńdéèjì. Ẹni tí kò lè tọ́jú ìka ara rẹ̀, ọmọ mi ló fẹ́ tọ́jú?"

"Bàbá, gíláàsì ló ń gé wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

"Iṣẹ́ tèmi ò gé mi níka. Mi ò gbọdọ̀ rí i lẹ́nu ọ̀nà mi."

Kò sì fi mọ síbẹ̀. Nítorí pé kò sí ohun tó ń ṣe mọ́, ó wá ń lọ dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ṣíwọ́. Bó ṣe di pé gbogbo ọ̀rọ̀ àárín olólùfẹ́ méjì yìí ń gba ẹnu Adúmáadán kọjá nìyẹn, àyàfi ní Sátidé tí wọ́n bá rí ọgbọ́n dá.

Adúmáadán ò gbàgbé ohunkóhun rí. Á dé lówùúrọ̀, á ti áyọ́ọ̀nù bọná, á ní, "Ó ní kí n kí ẹ. Ó ní orí fọ́ òun lánàá, ṣùgbọ́n ó ti lọ. Ó ní..." Á wá dákẹ́ díẹ̀. "Ó ní gbogbo fèrèsé tí òun bá ń ṣe, ìwọ lòun ń rò pé ó wà ní òdìkejì rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ dùn. Inú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á dùn, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ á bàjẹ́. Kí ló dé tí Adúmáadán fi mọ̀ pé orí fọ́ ọ kí òun tó mọ̀? Ta ló ní kó máa dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń dákẹ́? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán an nìkan ni kó jẹ́, ta ló ní kó mú ìdákẹ́ mọ́ ọn? Á máa wò ó lábẹ́ ojú. Adúmáadán á ti tẹrí ba sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Bàbá ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu láyé yìí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, tó ń gbé létí omi ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó fẹ́ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ níbi tó jìnnà, Mọ́ńdè ni yóò lọ, kò sì ní padà mọ́. Màámi, ìyẹn ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ló rọra ta á lólobó. Ó ní, "Mú un lọ kí Màmá Àgbà rí i kó tó lọ. Bó bá ti gbà, bàbá rẹ á pariwo, á sì gbà. Bó bá ti lọ láìrí i, kí o wá ọkọ mìíràn." Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn: Sátidé, kùtùkùtù, àwọn mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n pàdé níwájú ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀. Adúmáadán ní láti bá wọn lọ, torí Màmá Àgbà ò ní gba ọkùnrin tí kò ní alárinà tó lè jẹ́rìí rẹ̀.

Ni òjò bá rọ̀. Òjò ọ̀hún kò rọ̀ kó dá, ńṣe ló ń da omi sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú bínú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ bàtà rẹ̀ tán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo omi tó ń ṣàn kọjá ní títì.

"Bọ́ bàtà yẹn," Màámi ní. "Òjò yìí ò mọ̀ pé o ní ọkọ tí o fẹ́ fẹ́."

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kí òjò tó dá. Bàbá ń sùn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọra yọ jáde dé oríta, ó sì bá onígíláàsì níbẹ̀ lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù kan tó tì, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀wù búlúù tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ràn ló wọ̀.

"A ó lọ lọ́la," ọkùnrin náà ní. "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ká pàdé níbi tí a fi àdéhùn sí. Màmá Àgbà á ṣì wà nílé."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Apá ẹ̀wù ló ń wò. Ó roboto, kò ní ilà kankan, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́.

"Níbo lo wà látàárọ̀?" ó bi í.

"Ilé ni mo wà. Níbo lèèyàn fẹ́ lọ nínú òjò yìí?"

"O ò jáde rárá?"

"Mi ò jáde."

"Ó dáa," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé bó bá ti sọ pé ó dáa, kò sí ohun tó dáa níbẹ̀ mọ́.

Ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Kí wọ́n tó lè lọ ẹ̀wù, ẹni tó wọ̀ ọ́ ní láti bọ́ ọ. Ibo ló ti bọ́ ọ? Yàrá kan ni Adúmáadán ní, àga kan ló sì wà níbẹ̀. Ó rí i lójú inú rẹ̀: ọkùnrin náà jókòó sórí àga yẹn láìwẹ̀wù, Adúmáadán ń yí apá ẹ̀wù náà jẹ́jẹ́ lórí aṣọ ìnura, òjò ń rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú. Kí ni wọ́n ń sọ? Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín? Ṣé wọ́n dárúkọ òun? Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló dé tó fi parọ́? Màámi gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì tún wá gbé e kúrò bó ṣe wà.

Ní Sọ́ńdè, oòrùn yọ kedere. Gbogbo nǹkan ló mọ́, ojú ọ̀nà ti ń gbẹ. Màámi ti gbé kẹ̀kẹ́ síta fún un, ó ti fi èkísà nu ìjókòó rẹ̀.

"Orí ń fọ́ mi," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní.

"Orí wo? Ọ̀la ni Màmá Àgbà ń lọ."

"Kó máa lọ."

Màámi wò ó títí. "Kí ni ọmọkùnrin náà ṣe?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó síbẹ̀ títí àkókò tí wọ́n dá fi kọjá dáadáa, ó ń ronú pé ọkùnrin náà á ti máa wo títì báyìí, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ ò rí i bí owú ṣe rí: ẹni tí ó fẹ́ràn ló ń fìyà jẹ, inú rẹ̀ sì ń dùn. Nígbà tó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà ilé iṣẹ́. Ilé Adúmáadán ló kọrí sí.

Adúmáadán ti múra. Ó ń fi bébà wé búrẹ́dì àti ẹyin sínú àpò, èyí tí wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i.

"Mo ti pẹ́, àbí? Mo rò pé ẹ ti ń bú mi níbẹ̀."

"Mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ẹ sí i."

"Lónìí náà? Ṣebí ẹ máa fojú kojú."

"Sọ fún un pé ó ti tán," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní. "Kó má dúró dè mí mọ́. Kó máa lọ bá ẹni tó ń bá a lọ ẹ̀wù."

Adúmáadán gbé àpò náà sílẹ̀. "Ó sọ fún ẹ?"

"Kò sọ. Irọ́ ló pa. Apá ẹ̀wù ẹ̀ ni mo wò."

"Mo ní kó sọ fún ẹ. Ó ní bí o bá gbọ́, ojú ẹ á yí padà." Adúmáadán jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. "Ó lọ sí ilé iṣẹ́ nínú òjò yẹn láti wò ó bóyá o ti wá dúró síbẹ̀, kí òjò má baà pa ẹ́. Kò rí ẹ. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó tutù rinrin, eyín ẹ̀ ń lu ara wọn. Mo rí i lójú fèrèsé, mo ní kó wọlé. Mo lọ ẹ̀wù ẹ̀ gbẹ, ó wọ̀ ọ́, ó lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kò sí nǹkan kan láàárín yín?"

"Kò sí."

"Wò mí lójú kó o sọ ọ́."

Adúmáadán wò ó lójú. "Kò sí nǹkan kan lọ́dọ̀ tiẹ̀," ó ní.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ ọ. Ó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí látọjọ́ pípẹ́, ó ti múra ohun tó máa sọ sílẹ̀, èébú tó dára gan-an wà níbẹ̀. Kò rí ọ̀kankan nínú wọn mú.

"Lọ́dọ̀ tìẹ ńkọ́?"

"Ta lo rò pé ó dárúkọ ẹ̀ fún ọ̀gá nígbà tí fèrèsé fọ́?" Adúmáadán ní. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Mo ti ń rí i ládùúgbò yìí tipẹ́. Mo ní ká pè é wá, kó lè rí mi nídìí iṣẹ́, torí ibẹ̀ nìkan ni mo ti mọ̀ pé mo dára. Mo lọ aṣọ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń lọ aṣọ ọba. Ó wá. Ìwọ ló rí."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

"Ó wá bá mi, ó ní kí n bá òun bá ẹ sọ̀rọ̀. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Mo bá a sọ ọ́. Gbogbo iṣẹ́ tó rán mi sí ẹ ni mo jẹ́. Mi ò yọ nínú ẹ̀, mi ò sì fi kún un. Gbogbo èyí tí o rán mi náà, mo jẹ́ ẹ. Eléyìí nìkan ni mi ò ní jẹ́. Bí mo bá dúró níwájú ẹ̀, tí mo sọ fún un pé o ní ó ti tán, mi ò mọ ohun tí ẹnu mi máa sọ tẹ̀ lé e. Bí o bá fẹ́ já a sílẹ̀, gbé ẹsẹ̀ ẹ, kó o lọ sọ ọ́ fúnra ẹ."

Níta, ẹnì kan ń gbá omi òjò kúrò níwájú ilé.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í.

"Kó o lè ṣe kí ni? Kó o fi í fún mi?" Adúmáadán nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Má sọ fún un láé. Bó bá mọ̀, mi ò ní lè kí i mọ́. Gba búrẹ́dì yìí, ebi á pa yín lọ́nà."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbà á. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ó sì tún fẹ́ gbá a létí, kò ṣe ọ̀kankan. Ẹ má rò pé owú rẹ̀ tán níbẹ̀ o. Ó kàn kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Bó ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, kò bẹ̀rù mọ́ pé Adúmáadán á gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ òun. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ẹnì kan ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi tó fi ń kó ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀ lọ fún obìnrin mìíràn, tí ẹyọ kan ò sì jábọ́ lójú ọ̀nà. Ṣé òun lè ṣe é? Ó mọ̀ pé òun ò lè ṣe é. Èyí dùn ún ju ti ẹ̀wù lọ.

Onígíláàsì ṣì jókòó sí àtẹ̀gùn iwájú ilé iṣẹ́, ó ń wo títì. Ó dìde fùú.

"Mo rò pé o ò ní wá mọ́."

"Mi ò fẹ́ wá. O parọ́ fún mi lánàá."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀wù ara rẹ̀, ó wo ojú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Mo parọ́," ó ní. "Ojú ẹ ló bà mí lẹ́rù. Adúmáadán ní kí n má parọ́."

"Má tún parọ́ fún mi mọ́. Màá bínú, màá pariwo, ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún mi. Owú ń jẹ mí. Ó ti ń jẹ mí tipẹ́, mi ò lè máa díbọ́n."

Ó dákẹ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. "Màá máa sọ ọ́," ó ní. "Adúmáadán ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀?"

"Ó ní ká máa lọ."

Oòrùn ti mú kí wọ́n tó dé etí omi. Ilé Màmá Àgbà ti ṣófo tán, àpótí ló kù. Ó ní kí onígíláàsì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì wo àwọn ojú ọgbẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé o máa ń sunkún bó bá gé ẹ?"

"Rárá, mà. Mo máa ń bú u."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè alárinà wọn. "Ta ló mọ̀ ọ́n tó lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀? Kí ló dé tí kò bá yín wá?"

Onígíláàsì yíjú sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ara rẹ̀ ò yá, mà," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní. "Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, àní èmi gan-an." Màmá Àgbà wò ó lọ́nà kan, kò sì béèrè mọ́.

Ó gbà, ó sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Bàbá pariwo gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe wí. Ó ní bí ọmọ òun bá ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn kiri ìlú nítorí ìṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má wá bá òun. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, òun náà ló sì jókòó síwájú jù, tó ń rẹ́rìn-ín.

Adúmáadán wá síbi ìgbéyàwó náà. Ó bá wọn pín oúnjẹ, ó bá wọn ya fọ́tò, ó dì mọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọ̀gá pé kó gbé òun lọ sí ẹ̀ka wọn tó wà ní òdìkejì ìlú. Kò wá sílé wọn rí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é títí, ó ní iṣẹ́ pọ̀.

Sátidé kan, wọ́n ń tún ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé tiwọn. Ọkọ rẹ̀ nu ọwọ́, ó dúró.

"Mo rí Adúmáadán lánàá," ó ní. "Ó kí mi, ó sì sáré kọjá. Ẹni tó ṣe wá lóore tó bẹ́ẹ̀. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kó má wá síbí?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fi èkísà nu ṣéènì náà. Gbólóhùn kan péré ni yóò dá a láre. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an.

"Èmi ni," ó ní.

Ọkọ rẹ̀ mi orí. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì fi pamọ́. "Mo rò pé bí a bá ti fẹ́ra, ó máa tán. Owú ẹ yìí ti pọ̀ jù."

"Ó pọ̀," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, kò gbójú sókè. "Jọ̀ọ́, máa fara dà á fún mi."